Iná Kọ́ Ló Lọ

Bọ̀dá Jeffrey, ẹ má ṣí máàtì yẹn fún mi. Ẹ ṣé, ṣùgbọ́n ẹ gbé e padà sínú fíríìjì. Ohun tí mo gbé wá sínú pálọ̀ yín kò jẹ́ kí n lè mu nǹkan yín, tí ẹ bá sì gbọ́ ọ tán, ẹ̀yin gan-an á dúpẹ́ pé mi ò mu ún. Èmi Motọ́lání ni mo bẹ gbogbo yín pé kí ẹ péjọ lọ́sàn-án òní: Màmá Ayọ̀miídé, tí gbogbo àdúgbò Ìpọ̀nrí mọ̀ sí Tíṣà Hilda, Bọ̀dá Jeffrey ọkọ wọn tó ń wo ẹnu mi yìí, Azeezah, àbúrò tí mo fẹ́ràn tí mo sì ṣe léṣe, àti Gbádé, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ tètè lọ. Gbádé, má lọ. Mo kórìíra rẹ, mi ò ní purọ́ nínú ilé onílé, ṣùgbọ́n má lọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tíì tó ogún ọdún, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti ń ro ó. Ẹ jẹ́ kó jókòó síbí lónìí, kí ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa.

Ilé iṣẹ́ tí èmi, Gbádé àti Azeezah ti jọ ṣiṣẹ́ wà ní Yàbá, lórí òkè ilé kan tí kò tóbi. Àpótí kékeré kan là ń ṣe níbẹ̀ tí àwọn ilé ìwòsàn ń rà. Wọn á so àpótí náà mọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èémí aláìsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Bí èémí bá ń já wálẹ̀, àpótí á ránṣẹ́ gba inú wáyà lọ sórí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì, agogo á sì dún níbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ní ìlànà tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ìlànà yẹn ò sì ju ọgbọ́n ilé wa lọ. Ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà á ní, “Àgò o,” ará ilé á dáhùn pé, “Àgò yà.” Bí wọn ò bá dá a lóhùn, ọmọlúàbí kì í já wọlé, kì í sì í bínú lọ, á tún un pè. Bí àpótí wa náà ṣe gbọ́dọ̀ ṣe nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ kágò, kí tábìlì nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. Bí ìdáhùn ò bá wá, bóyá wáyà já ni o, bóyá iná lọ ni o, ó gbọ́dọ̀ máa kágò títí ẹnìkan á fi dáhùn. Ìtúnpè yẹn ni ẹ̀mí gbogbo iṣẹ́ náà. Màmá Ayọ̀miídé, ìtúnpè yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ wa dé ọ̀dọ̀ yín.

Ká tó gbé àpótí kankan jáde, a ní láti dán an wò, kì í sì í ṣe ọwọ́ la fi ń ṣe é. Àkọsílẹ̀ kan wà nínú kọ̀ǹpútà, àṣẹ lẹ́sẹẹsẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé fúnra rẹ̀: á ní kí àpótí kágò, á gé ọ̀nà mọ́ ọn, á dá ọ̀nà padà, á da ọ̀rọ̀ rú sí i létí, á wá wò ó bóyá ó ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Olùdánwò là ń pè é. Ìdánwò tó bá yege á jáde ní àwọ̀ ewé, èyí tó bá kùnà á jáde ní pupa. Ọláolú, ọ̀rẹ́ wa kan, ló kọ́kọ́ kọ ọ́ kó tó kó lọ sí Kánádà, bó sì ṣe kọ ọ́ ló ṣe fi í sílẹ̀. Olùdánwò yẹn burú. Ìdánwò kan kì í bẹ̀rẹ̀ tí èkejì ò bá tíì parí, bí ẹni tó ń fi ṣíbí kan ṣoṣo bọ́ ọmọ gbogbo kíláàsì. Bí ọ̀kan bá há, gbogbo rẹ̀ há. Èyí tó wá burú jù ni ọ̀rọ̀ iná. Bí NEPA bá mú iná, tí a tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ tó so àwọn wáyà pọ̀ á kú, á tún jí, gbogbo ìdánwò tó bọ́ sí àkókò yẹn á sì jáde ní pupa láìṣẹ̀ láìrò. Ẹni tó bá wà nídìí iṣẹ́ á kàn ní, “Iná ló lọ,” á sì pa pupa rẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bi í ní ìbéèrè. Ní Èkó yìí, ta ló ń bá ẹni tó ní iná ló lọ jiyàn?

Èmi ni mo tún Olùdánwò ṣe. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn yangàn díẹ̀, torí òun ni iṣẹ́ rere tí mo ṣe kẹ́yìn. Mo tú u palẹ̀ pátápátá. Mo jẹ́ kí àwọn ìdánwò máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ọ̀kan má dúró de èkejì. Mo kọ́ ọ ní sùúrù, mo sì kọ́ ọ bó ṣe máa mọ̀ pé sùúrù ti tó. Mo ní kó máa sọ ìdí tí ìdánwò fi kùnà ní èdè tí ọmọ ènìyàn lè gbọ́. Lẹ́yìn náà mo so ó mọ́ ínfátà ọ́fíìsì, ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń gbé fáànù àti gílóòbù bí NEPA bá mú iná. Bí ínfátà bá ti ta á lólobó pé iná lọ, á da àwọn ìdánwò ìgbà yẹn nù, á sì ṣe wọ́n lọ́tun nígbà tí nǹkan bá rọlẹ̀. Òfin ìdáríjì ni mo pe apá yẹn. Ohun tí à ń fẹnu lásán ṣe tẹ́lẹ̀, mo sọ ọ́ di òdodo: bí iná bá lọ lóòótọ́, a dárí jì ọ́, tún un ṣe, bí iná ò bá lọ, pupa ni pupa ń jẹ́. Iṣẹ́ tó ń gba odidi ọjọ́ tẹ́lẹ̀ wá ń parí ká tó jẹun ọ̀sán tán. Ilé wa ní Sùúrùlérè ni mo ti kọ ọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá mi tó ń ṣàìsàn. Wọ́n á ní, “Motọ́lání, kí lo ń tẹ̀ tó báyìí?” Mo ní, “Mọ́mì, mò ń kọ́ ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe ń sọ òótọ́ ni.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n kú kí n tó fi iṣẹ́ náà han ẹnikẹ́ni.

Mo lọ sin ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, Gbádé sì ni mo fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́, àti Olùdánwò tuntun náà. Èmi ni mo sọ fún wọn pé kí wọ́n gbà á síṣẹ́, èmi ni mo kọ́ ọ, Àǹtí ló ń pè mí, ó sì wá kí mi kú ìrọ́jú pẹ̀lú agolo bísíkíìtì ńlá. Nígbà tí mo padà dé, aṣọ dúdú ṣì wà lọ́rùn mi, mo bá gbogbo ọ́fíìsì tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá àgbà wa dúró níwájú, Gbádé dúró tì í, Olùdánwò mi wà lára ògiri gbàgàdà, orúkọ Gbádé sì wà lókè rẹ̀. Ọ̀gá ní, “Ọmọkùnrin yìí ti gbà wá. Láti òní lọ, òun ni olórí ẹ̀ka.” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ mi nìyẹn.” Gbádé rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọ tí àánú arúgbó ń ṣe. Ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú. Ọ̀gá, òótọ́ ni o, Àǹtí bá mi tẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wọ́n, ara wọn ò tíì balẹ̀.” Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ní, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́ o. Wọ́n fi ikú ìyá mi pa mí lẹ́nu mọ́ lórí iṣẹ́ tí wọ́n jí lọ́wọ́ mi. Gbádé, má mi orí. O ní mo bá ọ tẹ díẹ̀.

Inú bí mi, ṣùgbọ́n mi ò pariwo. Ìbínú tó ń pariwo, ó ṣì sàn. Tèmi wọ inú lọ, ó jókòó, ó ń ṣọ́nà. Mò ń kí Gbádé káàárọ̀, mò ń pè é ní ọ̀gá níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́, ó sì ń dùn mọ́ ọn. Gbogbo ohun tí mò ń wá ni ọjọ́ tó máa tẹ́ lójú gbogbo ayé, níbi tí kò ti ní rí ẹni tó máa di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Kò sì pẹ́ tó fi bọ́ sí mi lọ́wọ́. Gbádé fúnra rẹ̀ ló kọ apá ìtúnpè nínú àpótí tuntun tí a fẹ́ gbé jáde. Lọ́jọ́ tí Olùdánwò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, pupa ló jáde, èmi nìkan ló sì wà nídìí rẹ̀. Mo wo ìdí ọ̀rọ̀, mo rí àṣìṣe náà kedere. Bí ọ̀nà bá gé lẹ́yìn tí àpótí ti kágò lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ọ̀nà bá padà, àpótí á rò pé wọ́n ti dá òun lóhùn. Á dákẹ́. Àṣìṣe kékeré ni, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Ká ní mo ní, “Gbádé, wá wo ibí,” ìbá ti tún un ṣe kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Mi ò pè é. Mo ṣí Olùdánwò, mo lọ síbi òfin ìdáríjì, mo fi ìlà kan kún un. Mo ní bí ìdánwò ìtúnpè bá ti kùnà, kó gbà pé iná ló lọ, kódà kí iná wà ní yòò, kó dárí jì í, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ẹ̀rọ tí mo kọ́ ní òótọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, èmi náà ni mo kọ́ ọ ní irọ́, kò sì gbà mí lákòókò rárá.

Ohun tí mo pète rèé. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí àwọn dókítà onílé ìwòsàn máa wá sí gbọ̀ngàn kan ní Yàbá, kí Gbádé fi àpótí tuntun hàn wọ́n. Mo ti rí i lójú inú: Gbádé nínú kóòtù, ẹnu rẹ̀ ń dùn bí oyin, èmi á kàn fẹsẹ̀ yọ wáyà kan, màá dá a padà, àpótí á dákẹ́ bí odi. Mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn dókítà náà létí mi. Mo máa ń dá rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì, àwọn èrò á máa wò mí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara pa. Kì í ṣe kí ẹ lè ṣàánú mi ni mo ṣe ń sọ ọ́. Bí gbogbo ìkà ṣe ń rò nìyẹn. Ẹni tí mo fẹ́ ta lọ́fà nìkan ni mo rí, mi ò wo ẹni tó dúró sẹ́yìn rẹ̀. Gbádé ò sì dúró de ọjọ́ náà. Ó rí àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé dùn lójú rẹ̀, ó lọ bá ọ̀gá àgbà pé kí là ń dúró dè, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e fún ilé ìwòsàn kan, ká lè fi ṣe ẹ̀rí níwájú àwọn dókítà yòókù. Ilé ìwòsàn kan ní Ìpọ̀nrí níbí ló gbà á.

Azeezah, ibi tó kàn ọ́ la dé yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n dáadáa, ọmọ Alhájì Mùktárù télọ̀ ní Mushin ni, òun ló sì kéré jù nínú wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fọwọ́ sí i pé Olùdánwò ti yẹ àpótí wò, kò sì gba ohun tí ojú rẹ̀ ò bá rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa gbé àpótí lọ, ó wá bá mi nídìí tábìlì mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Ó ní, “Àǹtí Mótọ́, ẹ jọ̀ọ́ mà, nǹkan kan ń confuse mi. Mo fọwọ́ ara mi yọ wáyà lára àpótí yìí, mo dá a padà, kò kágò mọ́. Ṣùgbọ́n Olùdánwò ní ó yege.” Mo ní, “Ìgbà wo lo yọ ọ́?” Ó ní, “Just now, mà.” Mo wo ojú ọmọ náà. Ká ní mo sọ òótọ́ níbẹ̀, gbogbo wa ì bá má jókòó síbí lónìí. Ṣùgbọ́n mo gbójú sókè, mo rí Gbádé lẹ́yìn gíláàsì, ó ń dán kóòtù tuntun wò, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń yìn ín. Mo ní, “Azeezah, iná ló lọ.” Ó wo òkè, ó wo fáànù tó ń yí. Ó ní, “Àǹtí, iná ò lọ o.” Mo ní, “O ò mọ̀ ni. Ó ṣẹ́jú, ínfátà gbà á. Àbí o mọ Olùdánwò jù mí lọ ni?” Ojú tì í. Ó ní, “Ẹ má bínú, mà. Bóyá ojú mi ni.” Ó padà síbi ìjókòó rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.

Màmá Ayọ̀miídé, ẹ ò mọ̀ mí nígbà yẹn, èmi náà ò mọ̀ yín. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún yín kí Ayọ̀miídé lè jáde, ó jáde láyọ̀, ó ń ké. Wọ́n gbé yín sí yàrá kan kí ẹ sinmi, wọ́n so yín mọ́ àpótí wa. Oògùn oorun tó ṣì wà lára yín bẹ̀rẹ̀ sí í fa èémí yín wálẹ̀. Àpótí kágò. Ìgbà yẹn gan-an ni iná wá lọ lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n fi tan jẹnẹrétọ̀, tí ọ̀nà padà, àpótí rò pé wọ́n ti dá òun lóhùn, ó dákẹ́. Nọ́ọ̀sì tó wà lórí tábìlì ò gbọ́ nǹkan kan. Bọ̀dá Jeffrey ló gbé ọmọ wọlé, wọ́n ní, “Hilda, wá wo ọmọ rẹ,” wọ́n rí i pé ètè yín ti dúdú. Àwọn nọ́ọ̀sì sáré dé, wọ́n jí yín padà, ẹ wà láàyè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún yín ò gbọ́ràn mọ́. Ahọ́n tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní á bí dí, tó ń gbé orin ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, kò lè so ọ̀rọ̀ pọ̀ láìkọsẹ̀. Ayọ̀miídé ti ń rìn báyìí, kò tíì gbọ́ orin kan lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀, mà, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Mo ti mọ̀ pé ẹ fẹ́ bi mí ìdí tí mi ò fi sọ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn, mo sì ń bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ rò pé ibi tó burú jù nìyẹn. Òun kọ́. Títí dé ibẹ̀ mo ṣì lè ní mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa dà báyìí. Èyí tó tẹ̀lé e, mo mọ̀ ọ́n-mọ̀ ṣe é ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ọ́fíìsì, ọ̀gá àgbà ní kí gbogbo wa péjọ lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tan Olùdánwò lójú wa, ká lè mọ ẹni tó jẹ̀bi. Mo dé ọ́fíìsì kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo lè fi ìlà yẹn sílẹ̀ kí wọ́n bá a níbẹ̀. Mo lè lọ kúnlẹ̀. Mo jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo yọ ìlà irọ́ náà kúrò, mo pa àkọsílẹ̀ àwọ̀ ewé tó ti wà nílẹ̀ rẹ́, mo nu ipa ẹsẹ̀ mi nù, mo sọ Olùdánwò di olóòótọ́ padà. Nígbà tí wọ́n tan án, pupa ló jáde. Gbogbo ojú yí sí Gbádé àti Azeezah. Ọ̀gá ní, “Pupa lẹ rí, ẹ wá fọwọ́ sí i pé ó yege, torí kí ẹ lè gbayì?” Gbádé ń làágùn. Ó ní, “Ọ̀gá, Ọlọ́run ń gbọ́, àwọ̀ ewé ni.” Azeezah ní, “Ewé ni, sà. Ojú mi ló rí i.” Ó wá yíjú sí mi. Ó ní, “Àǹtí Mótọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn. Mo wá bá yín, ẹ ní iná ló lọ.” Mo wo ọmọ náà lójú, mo ní, “Azeezah, ìgbà wo? O ò wá bá mi.” Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, èmi ni mo jókòó sáàárín wọn tí mò ń mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe. Wọ́n lé àwọn méjèèjì lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì ba orúkọ wọn jẹ́ káàkiri Yàbá débi pé kò sí ilé iṣẹ́ tó gbà wọ́n mọ́. Ẹbí ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Azeezah gbọ́, wọ́n ní àwọn ò lè fẹ́ ọmọ tó fẹ́ sọ ọmọ tuntun di aláìníyàá.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn. Wọ́n gbé mi sípò Gbádé. Gbádé lọ ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládìpọ̀. Gbádé, o ò mọ̀, mo máa ń wá síbẹ̀. Màá wọ awò dúdú, màá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù kejì bí ẹni tó ń ná iná ọkọ̀, màá máa wò ọ́ bí o ṣe ń fa àwọn oníbàárà lápá: “Ọ̀gá mi, come now, tòkunbọ̀ gidi wà nílẹ̀.” Gírísì wà lọ́wọ́ tí o fi tọ́ka sí iṣẹ́ mi lára ògiri. Màá wò ọ́ títí inú mi á fi rọ̀, màá wá ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun àti ẹ̀pà, màá jẹ ẹ́ lọ sílé. Bí àárò ìyá mi bá ti sọ mí, Ládìpọ̀ ni mò ń gbà lọ. Ẹ wo irú ènìyàn tí mo jẹ́. Azeezah nìkan ni mi ò lè lọ wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ohun tó ń dí mi lẹ́nu kì í sì í ṣe ẹ̀rù ọlọ́pàá. Okùn kan náà ló de àwọn méjèèjì. Bí mo bá tú Azeezah, mo tú Gbádé. Bí mo bá ní òótọ́ ni ọmọ yẹn rí àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé ni Gbádé náà rí nìyẹn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà wò lọ́tùn-ún lósì, mo sì rí i pé ìkórìíra tí mo ní sí Gbádé wúwo ju ìfẹ́ tí mo ní sí Azeezah lọ. Mo fi ọmọ ọlọ́mọ sínú ìdè kí ọ̀tá mi má baà jáde.

Láìpẹ́ yìí ni mo pàdé rẹ̀ ní ọjà Tẹ̀júoṣó, lẹ́yìn òjò. Mo fẹ́ yà, ó ti rí mi. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ọjà tó tutù. Ó ní, “Ẹ káàsán, mà. Àǹtí, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ wá bẹ̀ yín.” Mo ní, “Kí lo fẹ́ bẹ̀ mí sí?” Ó ní, “Kí ẹ dárí jì mí. Mo purọ́ mọ́ yín lójú gbogbo wọn lọ́jọ́ yẹn, mo ní mo wá bá yín. Mo ti rò ó títí, mo ti wá mọ̀ pé mi ò wá. Pupa ló máa jẹ́ tí mo rí. Àǹtí, mi ò trust ojú mi mọ́. Tí mo bá ti ilẹ̀kùn, màá tún padà lọ wò ó. Tí àbúrò mi bá ní aṣọ funfun yìí dúdú, màá gbà fún un.” Ó ní ilé Màmá Ayọ̀miídé lòun ń lọ. Ó ní òun máa ń bá wọn fọṣọ, òun máa ń pọ̀n ọmọ, òun á jókòó tì wọ́n kí wọ́n máa pe ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣe é, wọn ò sì lé mi.” Mo dúró sójú ọjà. Mo mọ̀ pé mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí, mo mọ̀ pé mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Mi ò mọ̀ pé mo ti yọ ojú rẹ̀ lójú rẹ̀, débi tó fi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi nítorí òótọ́ tó sọ. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ yẹ̀ mí nílẹ̀.

Mo ti lọ bá ọ̀gá àgbà. Mo tún ìlà náà kọ lójú rẹ̀, ó rí bí pupa ṣe di ewé. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣe, kí wọ́n fi mí ṣe. Bí Bọ̀dá Jeffrey bá sì fẹ́ pe ọlọ́pàá, mi ò ní sá, aṣọ díẹ̀ wà nínú báàgì mi tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé etí àwọn ọ̀dọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé wọ́n á jí iṣẹ́ wọn, ó dájú. Kí wọ́n pariwo. Kí wọ́n jà ní gbangba, kí wọ́n jẹ́ kí ayé pè wọ́n ní oníjà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ìbínú pamọ́ sínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn, torí iṣẹ́ ọwọ́ ò mọ ẹni tí olúwa rẹ̀ ń bínú sí. Màmá Ayọ̀miídé, mo kúnlẹ̀. Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Bí ẹ ò bá lè ṣe é láéláé, ẹ jàre mi. Azeezah, gbọ́ mi dáadáa. O wá bá mi. Ọ̀sán ni, fáànù ń yí, o kúnlẹ̀ sí ọwọ́ òsì mi. Àwọ̀ ewé lo rí. Kò sí ohun tó ṣe ojú rẹ; nínú gbogbo ilé iṣẹ́ yẹn, ìwọ nìkan lo ríran. Sunkún bó bá ṣe wù ọ́, ṣùgbọ́n má bẹ̀ mí mọ́.

Ó ku ìwọ, Gbádé. Mo ti yí ọ̀rọ̀ yìí káàkiri kí n má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mi ò ní bẹ̀ ọ́. O jí iṣẹ́ tí mo ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi tó ń kú lọ, mi ò tíì dárí ìyẹn jì ọ́, mi ò sì mọ̀ bóyá mo máa dárí rẹ̀ jì ọ́. Láti ìgbà tí o ti wọlé ni Bọ̀dá Jeffrey ti ń wò ọ́ bí ẹni tó ba ìyàwó wọn jẹ́. Mo rí i, ó sì dùn mọ́ mi nínú, ó ṣì ń dùn mọ́ mi bí mo ṣe kúnlẹ̀ yìí. Mo lè dákẹ́ níbí kí n máa gbádùn rẹ̀ lọ. Bọ̀dá Jeffrey, ẹ gbójú kúrò lára rẹ̀. Àwọ̀ ewé ni òun náà rí. Gbádé ò mọ̀.